Mummy Mi Ń Ta Ìbọn

Ìyàwó mi ra ìbọn, kò sì sọ fún mi. Inú wọ́dúróòbù ni mo ti rí i, lẹ́yìn báàgì tí a ń kó aṣọ òtútù sí, nígbà tí mò ń wá ìwé ìbí Ìyèbíyè ọmọ wa. Àpótí dúdú pẹlẹbẹ kan ni, wọ́n fi àgádágodo kékeré tì í lẹ́nu. Àgádágodo yẹn gan-an ló mú ara fu mí. Kí ni obìnrin tó ti bá mi gbé fún ọdún mẹ́tàlá fẹ́ máa tì pa mọ́ fún mi nínú ilé oníyàrá méjì ní Thamesmead, ní London?

Kí n sọ òótọ́ nípa ara mi: ara máa ń tètè fu mí. Bí aládùúgbò bá kí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo máa bi ara mi pé kí ló ń wá. Bí ẹni tó ń pín lẹ́tà bá pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, mo ti dìde lọ sójú fèrèsé nìyẹn. Ṣíjúadé ìyàwó mi máa ń sọ pé bí áńgẹ́lì bá wọlé wá kí wa, màá ní kó kọ́kọ́ fi ID ẹ̀ hàn mí. Nítorí náà, mo dúró dìgbà tó wọ báfúrọ́ọ̀mù, mo yọ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ nínú báàgì, mò ń dán wọn wò níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ló ṣí i.

Ìbọn ni. Ìbọn ìléwọ́, dúdú, ibi tí wọ́n ń dì mú jẹ́ igi, wọ́n sì gbé e sórí fóòmù tí wọ́n gé ní déédéé ara ẹ̀. Agolo kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo mì í, nǹkan ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mò ń gbọ́ tí omi ń dà ní báfúrọ́ọ̀mù, mò ń gbọ́ tí obìnrin náà ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ orin ìjọ wa bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Mo ti àpótí náà padà, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà síbi tí mo ti mú un, mo lọ gbé omi tíì kaná. Nígbà tó jáde, ó bi mí pé ṣé mo ti rí ìwé ìbí náà. Mo ní mi ò rí i.

Ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò kúkú bi í léèrè. Mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí Ṣíjúadé jẹ́. Ní Ìkòròdú, olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní aṣọ rírán ni. Ọwọ́ ẹ̀ kì í gbọ̀n. Nínú ọkọ̀ tó ń lọ lórí ọ̀nà eléèékúta, ó lè fi òwú sínú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ti fojú ara mi rí i. Ní 2022, agency kan ní Woolwich fún un ní ìwé iṣẹ́ care, ìyẹn iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó, ìwé yẹn ló gbé e wá, èmi àti Ìyèbíyè sì tẹ̀lé e. Òun ló ni fíṣà. Èmi àti ọmọ kàn rọ̀ mọ́ ọn ni. Èmi ń wa bọ́ọ̀sì tó ń gba Harrow Manorway kọjá, àmọ́ iṣẹ́ tèmi ò lè mú ẹnikẹ́ni dúró ní ìlú yìí. Bí agency bá ní àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́, ọgọ́ta ọjọ́ ni ìjọba máa fún wa láti wá ẹlòmíì tó máa gbà á, tàbí ká di ẹrù wa. Oṣù mẹ́sàn-án ló sì kù ká gba stay, ìwé tó máa jẹ́ ká lè máa gbé ìlú yìí títí lọ.

Oṣù mẹ́sàn-án péré. Kò sí ọjọ́ kan tí mi ò kà á. Nínú ilé wa, à ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin lérí. Èmi kì í sọdá bí iná ò bá tíì fún mi láyè, kódà bí mọ́tò kankan ò sí lójú títì. Òun náà kì í kọ iṣẹ́ tí wọ́n bá pè é sí, bó ti wù kí ẹ̀yìn máa dùn ún tó láti ibi tó ti ń gbé àwọn arúgbó dìde. Irú ìdílé báyìí ni ẹnì kan wá lọ gbé ìbọn wọnú ẹ̀.

Ta ló fún un? Ta ló kọ́ ọ? Ṣé ọkùnrin kan ni? Ṣé ó ń bá àwọn ọ̀daràn tọ́jú ẹrù òfin ni? Kí n má purọ́ fún yín, ó tún wá sí mi lọ́kàn pé ṣé èmi ló fẹ́ fi pa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò mọ ohun tí mo ṣe ló máa rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, èmi àti Ṣíjúadé ń bọ̀ láti Ṣàgámù. Oòrùn mú gan-an. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Ìkòròdú, àwọn ọmọkùnrin méjì kan fi ọ̀kadà dábùú ọ̀nà wa. Ọ̀kan nínú wọn yọ ìbọn, ó fi í sójú fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ìyàwó mi. Mi ò ro nǹkan kan. Mo ṣí ilẹ̀kùn tèmi, mo fo gọ́tà, mo sì sá wọ oko ẹ̀gẹ́ tó wà níbẹ̀. Mo sá, mo fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Bí mo ṣe ń sá lọ, mo gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́yìn mi: "Lékan, dúró!"

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìyàwó mi kì í pè mí lórúkọ. Kí a tó bímọ, Brother mi ló ń pè mí. Láti ìgbà tí a ti bímọ, Daddy Ìyè ni, "ẹ" ló sì máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀, torí ilé tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ ni wọ́n ti tọ́ ọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó ké orúkọ mi sókè bí ẹni ń pe ọmọdé. Mo gbọ́ ọ dáadáa, mi ò dúró. Nígbà tí mo padà wá, wọ́n ti gbé ọkọ̀ lọ, òun sì jókòó sétí gọ́tà, ó ń gbọn eruku kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Daddy Ìyè." Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ láàárín àwa méjèèjì. Ìdí tí mi ò fi lè bi í nípa ìbọn nìyẹn. Mo rò pé ọjọ́ ẹ̀san ti dé.

Ní Saturday tó tẹ̀lé ọjọ́ tí mo rí ìbọn náà, ó wọ kánfáàsì, ó gbé báàgì ńlá kọ́ èjìká, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ Mr. Jethro. Òyìnbó arúgbó kan ni Mr. Jethro, ó ti ṣe sójà rí, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ilé ẹ̀ wà lẹ́bàá Woolwich Common, ó lè jókòó sójú fèrèsé kó máa wo Royal Artillery Barracks láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó ti tó ọdún méjì tí Ṣíjúadé ti ń tọ́jú ẹ̀. Mo ní kó bá mi kí bàbá. Nígbà tó jáde, mo ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo fi fìlà bojú, mo tẹ̀lé e. Ìyèbíyè wà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó bá ń wa bọ́ọ̀sì kò lè sá pamọ́ nínú bọ́ọ̀sì. Bí mo ṣe wọlé báyìí, dírẹ́bà tó wà níbẹ̀ kí mi tòun ti orúkọ, ó ń bi mí nípa shift. Mo yára lọ sẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo tẹ orí mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo dé Woolwich Common, Ṣíjúadé ti ń ti bàbá náà jáde nínú wheelchair, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀lé wọn lókèèrè títí wọ́n fi dé ilé bíríkì pẹlẹbẹ kan tí kò ní fèrèsé. Wọ́n wọlé. Kò pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ "pó", á sinmi díẹ̀, "pó", bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi ọwọ́ gbá páálí. Mo sún mọ́ ẹnu ọ̀nà kí n lè gbọ́ dáadáa. Ni òyìnbó onírùngbọ̀n kan bá ṣí ilẹ̀kùn, ó ní ṣé òun lè ràn mí lọ́wọ́. Mo ní post office ni mò ń wá. Ó nawọ́ sí apá ibi tí ó wà, mo dúpẹ́, mo sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ó wá yé mi, àbí mo rò pé ó yé mi: sójà àtijọ́ ti ń kọ́ ìyàwó mi ní ìbọn. Ó ń kọ́ ọ fún kí ni? Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò fẹnu kan oúnjẹ àyàfi bí Ṣíjúadé bá ti kọ́kọ́ jẹ. Mo mọ̀ pé ìbọn kì í ṣe májèlé, àmọ́ ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í yan ohun tó ń ṣọ́. Bó bá gbé ọwọ́ sókè láti mú àwo, màá ti yẹra. Ó rí i.

Sunday wá dé. Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa, hall kan nítòsí Connaught Estate la ń yá. Ṣíjúadé wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ àwọn ọmọdé ti ń kọ́ wọn ní Yorùbá láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí èdè má bàa parẹ́ lẹ́nu wọn, ọjọ́ náà ni wọ́n sì máa dúró níwájú ìjọ kí wọ́n sọ iṣẹ́ tí àwọn òbí wọn ń ṣe. Tamílọ́rẹ ló ṣáájú Ìyèbíyè. Ó ní, "Mummy mi ń ta aṣọ ní Plumstead." Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ tèmi bọ́ síwájú nínú sútánà ẹ̀, láìwọ bàtà, ojú ẹ̀ ń dán, ó mú ohùn jáde bí a ṣe máa ń sọ fún un nílé pé kó máa ṣe.

"Orúkọ mi ni Ìyèbíyè. Daddy mi ń wa bọ́ọ̀sì. Mummy mi ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ní Saturday, Mummy mi ń ta ìbọn."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Etí gbogbo wa ṣì ń gbọ́ aṣọ tí wọ́n ń tà ní Plumstead, ìbọn wá tẹ̀lé aṣọ. Olùkọ́ ní kó lọ jókòó. Mo wo ìlà àwọn ìyá ìjọ lápá ọ̀tún, mo sì rí i tí Mother Ọlágúnjú yọ awò ojú ẹ̀. Mother Ọlágúnjú yìí ló ni agency tí ìyàwó mi ń bá ṣiṣẹ́. Ìwé tó mú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró ní London, ọwọ́ obìnrin yìí ló wà.

Nígbà tí ìsìn parí, mò ń wá bàtà mi láàárín bàtà àwọn ará ìjọ lẹ́nu ọ̀nà ni ó bá mi níbẹ̀. Ó rọra sọ̀rọ̀. Ó ní, "Brother Lékan, ọmọ yín ní ìyá òun ń ta ìbọn. Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?"

Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé Mummy, mo rí nǹkan kan nílé lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí n bi ìyàwó mi kí n tó dá yín lóhùn. Ìyẹn ò le. Àmọ́ fíṣà ni mo rí níwájú mi, mo rí àwọn ẹrù wa nínú àpótí, mo rí pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà. Mo ní, "Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ o, Mummy. Ìyá ẹ̀ ni kí ẹ bi." Mi ò tíì so okùn bàtà mi tán tí mo ti fa ọmọ lọ́wọ́ jáde. Bí mo ṣe tún sá nìyẹn.

Ní ọjọ́ Monday, kò tíì tó aago méjìlá tí Ṣíjúadé ti wọlé. Agency ti ní kó lọ jókòó sílé. Ní Thursday, wọ́n máa gbọ́ ẹnu ẹ̀, bó bá sì jẹ́ òótọ́ ló ń ta ìbọn, ọlọ́pàá ni wọ́n máa pè, wọ́n á sì kọ̀wé sí Home Office tó ń fúnni ní fíṣà. Kò bọ́ kóòtù òtútù ọrùn ẹ̀. Ó jókòó síwájú mi, ó gbé báàgì ẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Ó ní, "Daddy Ìyè, wọ́n ní ẹ sọ pé ẹ ò mọ nǹkan kan. Ṣé ẹ ò mọ̀ lóòótọ́?"

Mò ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní mo mọ̀, mo ti ṣí àpótí náà. Ó mi orí. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ náà, torí ẹ̀gbẹ́ tí òun kì í kọjú agolo sí ni mo kọ ọ́ sí. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni òun ti ń retí kí n bi òun. Ojú tì mí débi pé mo bínú, inú bíbí yẹn ló sì la ẹnu mi. Mo bi í pé ta ló fẹ́ pa.

Ìgbà yẹn ló wá sọ gbogbo ẹ̀. Ìbọn náà kì í ṣe irú ti Ìkòròdú. Afẹ́fẹ́ ló fi ń ta ọta kékeré jáde, páálí tí wọ́n ya òbìrìkìtì sí ni wọ́n sì ń yìn ín sí, níbi tí wọ́n kọ́ fún un. Òfin gba àgbàlagbà láyè láti rà á, bó bá ṣáà ti ń tì í pa kí ọmọdé má fọwọ́ kàn án. Mr. Jethro ti wà nínú ẹgbẹ́ náà láti ìgbà èwe ẹ̀, àárò ibẹ̀ ń sọ ọ́, òun ló bẹ Ṣíjúadé pé kó máa ti òun lọ síbẹ̀ kí òun kàn máa gbọ́ ìró ìbọn. Àwọn ará ibẹ̀ ń fi ìbọn lọ Ṣíjúadé pé kó dán an wò, ó kọ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó gbà á. Onírùngbọ̀n tó ń kọ́ni níbẹ̀ ní òun ò tíì rí ọwọ́ tó dúró báyẹn rí. Kò sẹ́ni tó tíì yin Ṣíjúadé fún nǹkan kan ní London yìí ju pé ó wá síbi iṣẹ́ lásìkò.

Oṣù tó kọjá ló ra tiẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ yìn ín, òun rò pé á wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Igi ibi tí wọ́n ń dì mú tutù, lẹ́yìn náà ó gba ooru ọwọ́ òun, ó wá dà bí pé ọwọ́ òun ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Òun wo orí ẹ̀, òun mú èémí dúró, òun fi ìka fà á, òun sì ń dúró de ariwo ńlá. Kò sí ariwo ńlá. Ó dún "pó", ihò kan sì yọ lójú páálí. Ó ní òun bú sẹ́kún níbẹ̀ níwájú àwọn òyìnbó, wọn ò mọ ohun tó dé, Mr. Jethro yọ áńkáṣíìfù fún òun.

Mo ní kí ló mú un sunkún.

Ó ní, "Ojú ihò ìbọn ni mo rí lọ́jọ́ tí a ń bọ̀ láti Ṣàgámù, Daddy Ìyè. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí láti ẹ̀yìn."

Ọdún márùn-ún ni a ò fi dárúkọ ọjọ́ yẹn, ó sì dárúkọ ẹ̀ bí ẹni tó ń sọ ohun tó fẹ́ rà lọ́jà. Ó dìde, ó lọ bọ́ kóòtù.

Nígbà tí Ìyèbíyè dé láti ilé ìwé, a pè é jókòó. A ní ta ló sọ fún un pé ìyá ẹ̀ ń ta ìbọn. Ó ní Mummy fi páálí tó ní ihò han òun, Mummy ní òun ń shoot. Ó ti ń sunkún, ó rò pé ó ti ṣe nǹkan burúkú. Ó ní Auntie tó ń kọ́ àwọn ní Sunday school ló ní shoot ni ta, torí wọ́n kọ́ àwọn pé Jónátánì ta ọfà. Òun kàn yọ ọfà, òun fi ìbọn síbẹ̀. Mo ní yìn la máa ń sọ fún ìbọn, a máa ń ní wọ́n yin ìbọn.

Ó nu ojú ẹ̀, ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n tó. "Daddy, yìn is for God. Ẹ yin Olúwa."

Ṣíjúadé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a rẹ́rìn-ín tán, mo rántí Thursday, ẹ̀rín náà sì parẹ́ lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé bó bá nìkan lọ, á ṣàlàyé ta àti yìn fún wọn, á fi ìwé ẹgbẹ́ hàn wọ́n, àmọ́ wọ́n máa ní ọkọ ẹ̀ gan-an ò mọ̀ sí i. Ìbọn tí ọkọ ò mọ̀ sí nínú ilé ọmọdé, ta ló máa gbà á gbọ́? Irọ́ tèmi ló máa kó bá a. Bí mo bá sì lọ sọ pé mo purọ́, wọ́n lè ní tọkọtaya elékèé ni wá, kí àwa méjèèjì máa lọ. Ní alẹ́ Wednesday, mo pa shift dà pẹ̀lú ẹnì kan ní gáréèjì. Mi ò sọ fún Ṣíjúadé títí di àárọ̀ tó rí mi pẹ̀lú táì lọ́rùn.

Mother Ọlágúnjú àti òyìnbó kan tó ń jẹ́ Jessica, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ló jókòó dè wá ní ọ́fíìsì. Ṣíjúadé fi ìwé tó fi ra ìbọn hàn wọ́n, ó fi káàdì ẹgbẹ́ hàn wọ́n. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ "ta", èdè òyìnbó ò lè gbé e. Mother Ọlágúnjú fúnra ẹ̀ ló gba bírò, ó kọ ta sáàárín ìwé, ó kọ sell sápá kan, ó kọ shoot sápá kejì, ó ń fi ìka tọ́ka fún Jessica. Jessica ní báwo wá ni àwa Yorùbá ṣe ń mọ èyí tí ẹnì kan ń sọ. Mother Ọlágúnjú ní a máa ń wo ẹni tó ń sọ ọ́ ni.

Ó wá yíjú sí mi. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo bi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Brother Lékan. Ẹ ní ẹ ò mọ nǹkan kan."

Ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn mi, wọn ò tì í. Mo mọ ibi tó wà láìwẹ̀yìn. Mo ní, "Mo purọ́, Mummy. Mo ti rí ìbọn náà kí ọmọ tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo fi ìyàwó mi sílẹ̀, mo sá. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn."

Mo tún un sọ lédè òyìnbó kí Jessica lè kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i tí Ṣíjúadé yí ọrùn, ó ń wò mí, mi ò lè wò ó padà.

Wọ́n ní ká lọ dúró síta. Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, ohun méjì ni wọ́n sọ. Ìbọn ò gbọdọ̀ wọ ilé tí ọmọdé wà mọ́, kó máa wà nínú àpótí irin ẹgbẹ́. Lílọ Mr. Jethro síbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìtọ́jú ẹ̀, kì í ṣe ohun tí òun àti Ṣíjúadé á kàn máa ṣe láàárín ara wọn. Kó padà síbi iṣẹ́ ní Monday. Jessica kó ìwé ẹ̀ jáde. Mother Ọlágúnjú wá wo èmi nìkan, ó ní nínú ilé wa, ọmọ kékeré yẹn ló sọ òótọ́ jù.

Nígbà tí a jókòó tán nínú bọ́ọ̀sì, Ṣíjúadé ní bí mi ò bá ní iṣẹ́ ní Saturday, kí n wá.

Mo lọ. Onírùngbọ̀n ló ṣí ilẹ̀kùn, ó wo ojú mi dáadáa, ó ní ṣé mo padà rí post office náà. Ṣíjúadé wò mí, ó wo ọkùnrin náà. Mo ní màá ṣàlàyé nílé. Inú hall náà gùn, ó sì mọ́lẹ̀, ó ń rùn bí òróró ẹ̀rọ. Mr. Jethro wà lẹ́yìn nínú wheelchair ẹ̀ pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí ẹsẹ̀, ó gbé àtàǹpàkò sókè fún mi. Ṣíjúadé ló kọ́kọ́ yìn ín. Mo rí i níbi tó ti dúró, apá kan nínà, apá kejì nínú àpò, èjìká ẹ̀ wá sílẹ̀ pátápátá. N ò tíì rí èjìká obìnrin yìí kó sinmi báyẹn láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí. Ìgbà márùn-ún ló fà á, ọta márààrún sì wọ inú òbìrìkìtì dúdú.

Ó ki ọta míì sí i, ó gbé ìbọn náà lé mi lọ́wọ́. Òótọ́ ló sọ, kò wúwo. Àmọ́ ooru ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lára igi náà. Mo nà á. Ẹnu ìbọn náà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, òbìrìkìtì tó wà lọ́hùn-ún ò dúró sójú kan. Mo rí fèrèsé ọkọ̀. Mo rí oko ẹ̀gẹ́. Òógùn bọ́ sí mi lójú, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún sì ti ń yí sí apá ibi tí ilẹ̀kùn wà, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń yí.

"Lékan, dúró."

Kò ké. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn mi gan-an, bí ẹni tó ń bá mi di nǹkan mú. Àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ máa rò pé ara ẹ̀kọ́ ìbọn ni. Mo dá ẹsẹ̀ mi padà. Mo fà á, ó dún "pó", ihò kan sì yọ ní etí páálí níbi tí kò sí nọ́ńbà kankan.

Ṣíjúadé ní, "Ẹ tún un yìn." Mo ṣì dúró síbẹ̀.